Ibi Tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ Dìbò Sí

Ọdún tí wọ́n ń fẹ ojú ọ̀nà ńlá tó gba Lapaz kọjá ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìjọba alágbádá ti ta gbòǹgbò ní Gánà nígbà náà. A ti fi ìbò yọ ìjọba kan, a ti fi ìbò gbé òmíràn wọlé, ìbọn ò dún, àwa ará Accra sì ti ń gbéra ga pé kò sí ẹni tó mọ ìbò dì tó wa ní gbogbo agbègbè yìí. Irun orí mi ṣì dúdú kirikiri. Abẹ́ agboòrùn kan létí títì ni mo ti ń ránṣọ, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké tó wà ní oríta náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa lẹ ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí n sọ bí a ṣe jà tí a fi borí. Mo ti sọ ìtàn ìwọ́de yẹn lójú agbo ju iye tí mo lè rántí lọ. Mo mọ̀ ọ́n sọ. Mo mọ ibi tí ẹ ó ti rẹ́rìn-ín, mo mọ ibi tí ẹ ó ti pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní ìdajì kan tí mi ò sọ rí, ìyàwó mi pàápàá ò gbọ́ ọ. Ìdajì ọ̀hún ni mo jókòó kọ yìí, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá dúró níwájú yín láìmú ìwé lọ́wọ́, ẹnu mi á tún yà sí ọ̀nà tó ti mọ́ ọn lára.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí a jẹ́. A kì í ṣe ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ní tábìlì láàárín wa, olówó là ń pè é. Obìnrin kan ń to tòmátò ní mẹ́rin-mẹ́rin sórí àpò sìmẹ́ńtì, òmíràn ń ta omi tútù inú ọ̀rá, òmíràn ń dín kósé, ìyẹn àkàrà, bàbá kan ń tún bàtà ṣe. Alága wa ni Àǹtí Dede, ọmọ Gá tó ń ta kẹ́ǹkẹ́, ẹ̀kọ líle ilẹ̀ wọn, obìnrin tó síngbọnlẹ̀ tí ohùn rẹ̀ sì máa ń dá ọkọ̀ dúró. Bí òjò bá fi ọjọ́ méjì rọ̀ léra, àwọn kan nínú wa kì í dáná lọ́jọ́ kẹta. Òṣì tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ ìwé lé lórí, inú rẹ̀ gan-an ni à ń gbé, a sì ń jí gbálẹ̀ ibẹ̀ láràárọ̀.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ náà wà láàárín wa. Ará Ìnísà ni, ìlú bàbá mi. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Kotobabi ló ti ń jó èèpo kòkó, tó ń sẹ́ eérú rẹ̀, tó ń fi àdín sè é títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Kò sí ilé tí wọn ò ti lo ọṣẹ yẹn ní Accra. Àláàtà sámínà ni wọ́n ń pè é, ọṣẹ àwọn Àláàtà, ìyẹn àwa Yorùbá. Wọ́n á bú Àláàtà lọ́jà, wọ́n á sì lọ fi ọṣẹ rẹ̀ wẹ̀ nílé. Ọwọ́ obìnrin náà ti gba àwọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ débi pé bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó, orí ìka rẹ̀ kì í mọ́.

Fantí ni ìyá tó bí mi, ó sì kú kí n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bàbá mi ń wa lọ́rì lọ sí Kumasi, ó ń lọ sí Tamale, ó sì fi mí sílẹ̀ sọ́dọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Òun ló tọ́ mi. Yorùbá tí mo fi ń kọ̀wé yìí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Bó bá ń wẹ̀ mí, á ní kí n máa dárúkọ gbogbo ibi tó bá fi kànrìnkàn kàn: etí, ọrùn, ìgbọ̀nwọ́, orúnkún. Bí mo bá fi Twi dáhùn, á da omi tútù lé mi lórí. Èmi ni Kwabena lójú títì, ṣùgbọ́n Gàníyù ni mo jẹ́ nínú ilé rẹ̀, kò sì sí àárọ̀ kan tí mi ò dọ̀bálẹ̀ kí i níwájú igbá ọṣẹ rẹ̀, bí àwọn awakọ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín ni o, bí wọn ò fi mí rẹ́rìn-ín ni o.

Nígbà tí iṣẹ́ títì náà dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ará kánsù wá pẹ̀lú katapílà láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì fọ́ gbogbo tábìlì àti àtíbàbà wa túútúú. Wọn ò fún wa níbòmíràn. Àǹtí Dede jókòó sórí ìkòkò kẹ́ǹkẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti dà nù, ó ń sunkún. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni kò sunkún. Ó ní kí olúkúlùkù lọ mú igbá tàbí àwo tó fi ń tajà, kí a dojú rẹ̀ dé, kí a rù ú, kí a sì wọ́ lọ sí ọ́fíìsì kánsù. Ẹni tó dojú igbá ọjà rẹ̀ dé, ó ti sọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fi ẹsẹ̀ rìn láti Lapaz, àwo dídojúdé lórí wa bí akoto, tí àwọn èrò inú ọkọ̀ tròtrò ń yọ orí síta wò wá. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló ṣíwájú. Ní ẹnu géètì kánsù, ọlọ́pàá kan tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ na kóńdó sí i lójú, ó sì fi Twi sọ fún un pé, “Alata, kɔ wo kurom.” Ó ní kó máa lọ sí ìlú rẹ̀.

“Mo ti lọ rí,” ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ dá a lóhùn ní Twi, láìgbé ohùn sókè. “Wọn ò tíì bí ọ nígbà tí ìjọba yín lé gbogbo àwa àjèjì lọ. Mo padà wá. Lọ bi ìyá rẹ, ọṣẹ tó fi wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó bí ọ, ta ló sè é?”

Àwọn ọlọ́pàá yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà sọ kóńdó sílẹ̀, kò mọ ibi tó máa wò. Ìyá Ọlọ́ṣẹ jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lórí ọ̀dà tó gbóná, gbogbo wa sì jókòó tẹ̀ lé e. A ò dìde títí ọ̀gá kan fi jáde wá bá wa lọ́sàn-án gangan. Ibi tí ẹ máa ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà tí kánsù fi ránṣẹ́ pé àwọn ti rí ilẹ̀ kan fún wa lẹ́yìn títì, pé àjọ kan tó ń ran àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́ fẹ́ bá wa ṣe é. Ọ̀gá àjọ náà wá, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní àwọn máa kọ́ ìsọ̀ onírin fún wa, àwọn máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀, àwọn máa kọ́ wa bí òwò ṣe ń dàgbà. Ẹni tó ń ta omi yóò gba fíríìsà. Oníkẹ́ǹkẹ́ yóò gba ààrò tí kò ní fi èéfín pa á lójú. Télọ̀ yóò gba ẹ̀rọ ìránṣọ oníná. Inú wa dùn débi pé a kọrin.

Orin ò tíì tán lẹ́nu wa tí ó fi sọ ohun tó kù. Ó ní òfin ìlú ni pé kìkì ọmọ onílùú ló lè tajà nínú ọjà bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí kò bá ní káàdì ọmọ Gánà má kọ orúkọ. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn láàárín wa kò ju bí mẹ́wàá lọ: Ìyá Ọlọ́ṣẹ, àwọn obìnrin Yorùbá mẹ́ta míì, Sààdátù oníkósé tó wá láti Nìjẹ̀, àti àwọn ará Tógò tó ń ta búrẹ́dì. Òwò wọn ló kéré jù nínú tiwa, ìyẹn ni pé àwọn tí ìrànwọ́ náà tọ́ sí jù lọ ni wọ́n ní kí wọ́n dìde. Èmi ní káàdì, nítorí ìyá mi.

A ṣe ìpàdé lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àǹtí Dede ní bí wọn ò bá ní í gba gbogbo wa, kí wọ́n gbé irin wọn lọ. Ìyá Ọlọ́ṣẹ dìde lọ́jọ́ kẹta, ohun tó sọ ò pọ̀. Ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, pé bí a bá fẹnu kan kọ̀ fún oṣù méjì péré, wọn á padà wá bá wa, nítorí ilẹ̀ náà ti wà, owó àjọ náà ti dé, ojú á sì ti kánsù bí ọjà náà bá ṣófo. Ó ní, “Èmi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń sọ fún yín pé ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ yọ, kì í ṣe òun ni wọn á fi parí.” Ó jókòó. Mo wo àwọn obìnrin náà lójú, mo sì mọ̀ pé ó ti mú wọn.

Inú mi ò dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀gá àjọ náà ti pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ní èmi ni mo mọ̀wé láàárín wọn, kí n là wọ́n lóye, pé bí àwa bá kọ̀ ọ́, ọjà míì wà tó ń bẹ àwọn. Kò ní kí n ṣe èrú kankan. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀. Ó ṣí i hàn mí. Ó ní irú èyí ni tèmi, pé ìsọ̀ tó wà ní igun tó kọjú sí oríta ni àwọn sì fẹ́ fún akọ̀wé. Mo fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ náà, ó yí láìdún. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ tèmi nínú eruku, ọkàn mi sì wà lára ẹ̀rọ yẹn látọjọ́ náà bí ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó oníyàwó.

A fi ìbò sí ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, nínú kíláàsì ilé ìwé kan ní Kotobabi. Bí a ṣe máa ń dìbò nínú ẹgbẹ́ nìyí, nítorí àwọn tí kò mọ̀wé ló pọ̀ jù: a ó gbé ìkòkò méjì sẹ́yìn kọ́tìnnì, a ó so aṣọ funfun mọ́ ọrùn ọ̀kan, a ó so aṣọ pupa mọ́ ọrùn èkejì. Funfun ni bẹ́ẹ̀ ni, pupa ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Akọ̀wé á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní hóró àgbàdo kan, onítọ̀hún á wọlé, á ki ọwọ́ bọ ìkòkò méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tó ju tirẹ̀ sí. Èmi ni mo rán kọ́tìnnì náà. Èmi ni mo ya aṣọ funfun àti pupa, èmi ni mo sì so wọ́n.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló dé kẹ́yìn. Ìdí ìkòkò ọṣẹ ló ti ń bọ̀ tààrà, nítorí ọṣẹ tó bá ti ń dì, èèyàn ò lè fi í sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó béèrè omi tí yóò fi ṣan ọwọ́, kò sí omi níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Gàníyù, fún mi bẹ́ẹ̀, àgbàdo kì í bẹ̀rù ọṣẹ.” Ó fi ìka méjì gba hóró náà, ọṣẹ tútù sì bò ó dúdú lójú mi. Mo rí i. Mi ò rò ó sí nǹkan kan.

Nígbà tí gbogbo wọn ti dìbò tán, Àǹtí Dede ní kí n lọ gbé àwọn ìkòkò náà jáde. Mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Mo yọjú wo inú wọn. Hóró inú ìkòkò aṣọ pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti funfun. Ẹgbẹ́ ti kọ̀. Wọ́n ti ní tí kò bá ní í kàn gbogbo wa, kó má kan ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ télọ̀ kì í pẹ́ nídìí okùn. Mo tú aṣọ méjèèjì, mo fi pupa so ọrùn ìkòkò tó jẹ́ ti funfun, mo fi funfun so ti pupa. Kò gbà mí ju kí èèyàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ. Mo tilẹ̀ wúkọ́ níti gidi, kí wọ́n má baà ní mo pẹ́. Mo sọ fún ara mi pé nítorí àwọn tó pọ̀ ni mo ṣe é, pé kí ni àǹfààní kí gbogbo wa jọ wà nínú òjò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ara mi. Irọ́ ni. Nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ ni.

Mo gbé wọn síta. Àǹtí Dede da ti funfun sórí tábìlì, a jọ bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Bí òkìtì náà ṣe tóbi tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn, olúkúlùkù ń rò pé ẹnì kejì òun ló yí ohùn padà. Àwọn kan ti ń kùn pé àwọn ò gbà. Ìgbà náà ni Àǹtí Dede gbé hóró kan sókè láàárín ìka méjì. Ó dúdú kirikiri. Àwọn obìnrin tó wà níwájú gbóòórùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ òórùn yẹn.

Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé, ẹni tó rọ gbogbo ẹgbẹ́ pé kí wọ́n kọ̀, hóró rẹ̀ rèé nínú ìkòkò ẹni tó gbà. Òun nìkan ló mọ ibi tó ju tirẹ̀ sí. Bó bá sọ pé inú aṣọ pupa ni òun jù ú sí, gbogbo rẹ̀ ti tú nìyẹn.

Àǹtí Dede bi í ní Twi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń bi aláìsàn. “Maame, wo dea ni?” Ó ń bi í bóyá tirẹ̀ ni.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ò wò ó. Èmi ló ń wò. Ó wò mí láti orí dé ọwọ́, ojú rẹ̀ sì dúró sí ọwọ́ mi. Nígbà tó yá ó ní, “Ɛyɛ me dea.” Ó tún sọ ọ́ ní Yorùbá, bí ẹni pé èmi nìkan ló wà níbẹ̀: “Tèmi ni.”

Ó parí síbẹ̀. Àwọn tó ń kùn dákẹ́, nítorí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù bá ti gbà, ta ló kù tó lè kọ̀? Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, wọ́n ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí tiwọn. Ó dúró láàárín wọn, ó ká ọwọ́ rẹ̀ sókè kí ọṣẹ má baà ta sí wọn láṣọ. Mo mú ìwé ẹgbẹ́, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹgbẹ́ gbà. Lẹ́tà tó dára ni mo fi kọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá a nílé. Ó ń gé ọṣẹ lórí pátákó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eérú, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ló jáde. Ó jẹ́ kí n sun ún tán. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde, pé mò ń ba aṣọ jẹ́.

Mo bi í ìdí tí kò fi tú mi fó.

Kò dá ọ̀bẹ dúró. “Bí mo bá sọ pé inú pupa ni mo jù ú sí,” ó ní, “kí lo rò pé wọ́n máa sọ? Wọn ò ní sọ pé Kwabena jalè. Wọ́n máa sọ pé Àláàtà ló ṣe é. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa rántí pé Gàníyù lo ń jẹ́. Èmi àtìwọ, àti Sààdátù, àti gbogbo àwọn ọmọ Yorùbá tó ní káàdì, gbogbo wa la máa jọ lọ. Mo ti rí i rí. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹnì kan á ṣe nǹkan, wọn á wá fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè é.”

Mo ní kí ó dárí jì mí.

“N ò tíì rò ó débẹ̀,” ni èsì rẹ̀. “Jẹ́ kí n gé ọṣẹ mi.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìbá ṣe pé ó da omi tútù lé mi lórí, ara ìbá tù mí.

Wọ́n kọ́ ìsọ̀ náà, wọ́n ṣí i pẹ̀lú ìlù àti ìjókòó ńlá, wọ́n ya fọ́tò wa. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Dansoman. Ó ń ru igbá ọṣẹ kiri ojúlé lọ́jọ́ orí tó yẹ kó jókòó sójú kan. Mo máa ń bá a pàdé. Á rẹ́rìn-ín, á ní, “Gàníyù, o ò ní ra ọṣẹ?” Mo ń rà á, ilé mi kún fún ọṣẹ. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí n dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, á béèrè àlàáfíà ìyàwó mi. Ó kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Orúnkún ló kọ́kọ́ dá a dúró, lẹ́yìn náà àyà. Mo dúró níbi tí wọ́n ti sin ín, àwọn èèyàn sì ń bá mi kẹ́dùn bí ọmọ òkú. Kò sọ fún mi rárá pé òun dárí jì mí. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí mo ṣe.

Bí a bá ní ká wọ̀n ọ́n, mi ò ní sọ pé a ò jèrè. Obìnrin olómi yẹn ń ta yìnyín fún gbogbo àdúgbò báyìí, ọmọ rẹ̀ kan ti di nọ́ọ̀sì. Èéfín ò fọ́ Àǹtí Dede lójú bó ṣe fọ́ ìyá rẹ̀ lójú, kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú rẹ̀. Èmi náà, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ìrànwọ́ kékeré lè gbé ẹni kékeré dìde. Mo rí i, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ìsọ̀ wọ̀nyẹn wò lónìí, kí ẹ béèrè ẹni tó ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe yọ àwọn mẹ́wàá yẹn tí ẹnikẹ́ni ò pariwo, kánsù padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ní kí ẹni tí kò bá lè kun ìsọ̀ rẹ̀ lọ́dà tuntun dìde fún ẹni tó lè kùn ún. Olùtúnbàtàṣe lọ. Onítòmátò lọ. Àwọn olówó gba ibẹ̀. Kò sí ẹni tó dojú igbá dé, nítorí a ti kọ́ bí a ṣe ń wo ẹlòmíràn kó dìde. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti sọ ọ́ fún wa pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ yọ ni wọ́n fi ń parí.

Sààdátù ti padà sí Nìjẹ̀. Mi ò mọ ibi tí àwọn oníbúrẹ́dì wà. Ìyẹn tún ń dùn mí, pé mo gba ibi ìjókòó lọ́wọ́ wọn, mi ò sì mọ orúkọ bàbá wọn.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni Rúkáyà, akọ̀wé yín. Ọmọ ọmọ Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni, bí ẹ ò bá mọ̀. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá láti fún mi níwèé ìpè. Yorùbá rẹ̀ ò délẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú nítorí tèmi. Ó ní, “Bàbá, mepa mo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti Nana mi dáadáa o. Ẹ sọ bó ṣe ju hóró yẹn sínú funfun. A fẹ́ kùn ún sára ògiri, pé òun ló fi tirẹ̀ sílẹ̀.” Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ń fi irọ́ mi yangàn, ó rò pé ogún ìyá àgbà òun ni.

Ó tún sọ fún mi pé àjọ mìíràn ń bọ̀ láti ran àwọn tó ń kiri ọjà lọ́wọ́, pé wọ́n ti ní kí ẹ kọ orúkọ àwọn tó ní káàdì nìkan. Ó bi mí pé ṣé kò burú, nítorí ìyá àgbà òun náà gbà á nígbà yẹn. Mo ń rán bọ́tìnnì nígbà tó sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ gún mi, mi ò mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi kan aṣọ oníbàárà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Èyí ò dúró de ẹni tó máa lé e bá, èmi fúnra mi ló rẹ̀. Rúkáyà, dárí jì mí bí o bá lè rò ó débẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ sọ pé Àláàtà ló ṣe é, kí wọ́n kọ́kọ́ wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n wò mí lójú. Kwabena Gàníyù ló ṣe é, orúkọ méjèèjì ló gbé e.

Ìwé ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Màá gbé e dání lọ́jọ́ Àìkú. Kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni fún àjọ tó ń bọ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ ṣí ojú ewé ọjọ́ náà, kí ẹ fa igi lé ohun tí mo kọ síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ kọ̀. Ẹ kọ ọ́ pé inú ìkòkò aṣọ pupa ni hóró dúdú yẹn wà.